Chick Webb: Onílù Tó Jẹ́ Aṣíwájú

Nínú ìtàn jáàsì, ìyẹn orin tí àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, tí olórin ti máa ń hun ohùn tuntun láti inú ọpọlọ rẹ̀ bí orin ṣe ń lọ, akọrin àti afọnfèrè ni ìyìn sábà máa ń kàn, tí wọ́n sì ń ka onílù sí ẹni tó kàn ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Ìgbésí ayé William Henry Webb, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Chick Webb, ta ko èrò yìí. Bí ìyá ìlù ṣe ń pàṣẹ fún omele láwùjọ dùndún, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe jókòó sídìí ìlù, tó ń darí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá tó lókìkí jù lọ ní New York ní àwọn ọdún 1930.

Ìlú Baltimore ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà sì ni ikọ́ ife ti bá eegun ẹ̀yìn rẹ̀ jà nígbà èwe, tó sọ ọ́ di abuké, tí kò sì jẹ́ kó ga. Orí pèpéle ni wọ́n máa ń to ìlù rẹ̀ sí, wọ́n sì ṣe ohun èlò ìlù àfẹsẹ̀lù rẹ̀ lákànṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó o. Kò lè ka àmì orin tí wọ́n kọ sínú ìwé, síbẹ̀ ó há gbogbo orin ẹgbẹ́ náà sórí, ìlù ló sì fi ń júwe ọ̀nà fún wọn.

Ibùdó ẹgbẹ́ náà ni Savoy Ballroom ní Harlem, ní New York, gbọ̀ngàn ijó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1926, níbi tí dúdú àti funfun ti ń jó pọ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn mìíràn kò gbà á láyè. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1937, ni ẹgbẹ́ Webb ti bá ti Benny Goodman figagbága, ẹni tí wọ́n ń pè ní ọba swing, ìyẹn ẹ̀yà jáàsì tí wọ́n ń jó sí. Webb ló borí, Gene Krupa tó ń lùlù fún Goodman pàápàá sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun kọ́ ni ogún rẹ̀ tó tóbi jù, bí kò ṣe àwọn ènìyàn tó gbà síṣẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ni akọrin Ella Fitzgerald nígbà tó wọ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1935, ibẹ̀ ló sì ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Mario Bauzá, afọnfèrè láti Havana tó di olùdarí orin ẹgbẹ́ náà, ló wá mú afọnfèrè jáàsì Dizzy Gillespie mọ Chano Pozo ní ọdún 1947, onílù ọmọ Kúbà tí orin ìsìn àwọn Adúláwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, títí kan ti Lùkùmí tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Yorùbá, ti mọ́ lára. Ìpàdé yẹn wà lára ohun tó fi ẹsẹ̀ jáàsì oníkúbà múlẹ̀.

Webb kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1939, Ella sì ń bá ẹgbẹ́ náà lọ títí di ọdún 1942. Ó yẹ kí àwọn tó ń gbé orin àtijọ́ sórí rédíò jáwọ́ nínú pípe Webb ní ẹni tó kàn gba Ella síṣẹ́. Kí wọ́n dárúkọ onílù tó ni ẹgbẹ́ kí wọ́n tó dárúkọ akọrin.