Ààrẹ Àwọn Òpìtàn Kọ̀wé Tán, Ọjọ́ Kẹta Ló Ń Bẹ̀bẹ̀

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n James Sweet mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa lọ́dún 2022, bí ò tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló ti ń kọ́ni ní ìtàn, òun sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn òpìtàn ilẹ̀ náà lọ́dún yẹn. Ẹgbẹ́ ọ̀hún, American Historical Association, kì í ṣe ẹgbẹ́ àná. Ọdún 1884 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn, Perspectives on History, ẹni tó bá sì wà nípò ààrẹ ló ni ojú ewé kan níbẹ̀ tó ti máa ń bá ọmọ ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà dá ìjà sílẹ̀. Àwọn èèyàn á kà á, wọ́n á ṣí ewé kejì. Ṣùgbọ́n èyí tí Sweet kọ, tó jáde lọ́jọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 2022, gbóná ju iná lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni èsì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá.

Kí ni ọkùnrin yìí kọ gan-an? Ó ní àwọn òpìtàn ń fi ojú òní wo àná jù, pé ìjà tí wọ́n ń jà lónìí ni wọ́n ń wá ẹ̀rí fún nínú ìtàn. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Lynn Hunt, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ yẹn lọ́dún 2002, ti pariwo irú ẹ̀ rí. Àpẹẹrẹ tí Sweet mú ló ta èèyàn lára.

Ó ní òun dé odi Elmina ní Ghana, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sínú ọkọ̀ láyé ọjọ́un, àlàyé tí wọ́n sì ń ṣe fún àlejò dà bíi pé Amẹ́ríkà ni gbogbo ẹrú lọ. Bẹ́ẹ̀, ó ní nínú 100 ẹrú tó gba Elmina kọjá, ẹni kan ò pé tó dé Amẹ́ríkà ti Àríwá; Brazil àti àwọn erékùṣù Caribbean ni ọ̀pọ̀ wọn bá ara wọn. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ kan lórí ìtàn ẹrú tí New York Times gbé jáde lọ́dún 2019, tí wọ́n pè ní 1619 Project. Kò yọ àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà sílẹ̀: ó ní Adájọ́ Thomas àti Alito náà ń ṣa ìtàn jẹ bó ṣe wù wọ́n. Ó wá fi fíìmù The Woman King dé e ládé. Ó ní wọ́n fẹ́ fi hàn pé ọba Dàhòmì ń bá òyìnbó jà nítorí òwò ẹrú, nígbà tó jẹ́ pé òwò yẹn gan-an ni Dàhòmì ń jẹ.

Èsì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan bínú, pàápàá àwọn òpìtàn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní ta ni kì í fi ojú òní wo àná? Pé ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń fọwọ́ rọ́ iṣẹ́ àwọn sẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́. Keisha Blain, òpìtàn obìnrin, kọ ọ́ sínú The New Republic lóṣù kẹsàn-án pé àwọn òpìtàn dúdú ti mọ̀ tipẹ́ pé kò sí ìtàn tí kò ní ojú ẹni tó ń kọ ọ́ nínú. Kí ẹnikẹ́ni má sì bú wọn: ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1884 yìí, 1979 kó tó ní ààrẹ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, John Hope Franklin.

Àwọn kejì gbè é lẹ́yìn pé òótọ́ ló sọ. Àwọn kẹta ni kò mọ ìtàn kankan, tó jẹ́ pé ìkórìíra èèyàn dúdú ló gbé wọn wá. Àwọn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un lórí Twitter, débi pé ẹgbẹ́ náà ní láti ti ilẹ̀kùn ojú ewé tiwọn níbẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Lọ́jọ́ 19, Sweet túúbá. Ó ní òun fẹ́ dá ìjíròrò sílẹ̀ ni, ọ̀nà tí òun gbé e gbà ló wọ́, ó sì bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú ní pàtàkì. Ló bá tún di wàhálà mìíràn! Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní ojo ni, pé ariwo ọjà ló lé e sá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe rò pé ìjà òyìnbó lásán nìyí. Ọ̀rọ̀ wa ni. Ta ni ọ̀tá nínú The Woman King? Ọ̀yọ́ ni! John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, ló ṣe Ghezo ọba Dàhòmì. Jimmy Odukoya, ọmọ Nàìjíríà, ló ṣe olórí ogun Ọ̀yọ́.

Ìtàn gidi ńkọ́? Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú tó ti Brazil wá, ló ran Ghezo lọ́wọ́ tó fi jọba lọ́dún 1818. Ọjọ́ 3, oṣù kẹta, 1851, Ghezo rán ọmọ ogun, tọkùnrin tobìnrin, sí Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ọdún 1886 ni Dàhòmì run Kétu. Ẹni tó bá ní Dàhòmì kórìíra òwò ẹrú, kó lọ bi ọmọ Kétu.

Ṣùgbọ́n kí Yorùbá má tíì máa yọ̀. Lọ́dún 1821, nígbà tí wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣógùn, àwọn ará Ọ̀yọ́ wà nínú àwọn tó kó o. Àwa náà tà, wọ́n sì tà wá.

Ibi tí Sweet ti kùnà nìyí. Ohun tó sọ nípa Dàhòmì dúró digbí, ṣùgbọ́n ó kó o pọ̀ mọ́ ẹ̀gàn iṣẹ́ ẹlòmíì, ààrẹ sì ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Nígbà tó wá ń bẹ̀bẹ̀, kò sọ gbólóhùn tó ṣì dúró, kò sọ èyí tó wó. Ẹni tó bá fi ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ba òótọ́ inú rẹ̀ jẹ́ mọ́ àṣìṣe. Àwọn tó bú u náà ò sì dáhùn: èébú kì í ṣe èsì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí bàbá ńlá ẹnìkan bá ta ẹrú, ṣé ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ lójú agbo ẹbí, tàbí kí wọ́n gbé e mì? Ẹ kọ̀wé ránṣẹ́, àyè wà lójú ewé lẹ́tà.