Ẹmu Kò Gbọdọ̀ Wọlé

Yóò rẹ ẹni tí ó bá fẹ́ ka àwọn ilé ìtura tí ó ti hù ní Ìbàdàn, láti Bódìjà títí dé Ring Road, láti Agbowó títí dé Challenge. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí. Ìlú tí ó bá ń gba àlejò gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò fi wọ́n wọ̀ sí, àlejò sì ń bọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Èkó wá sí Móníyà, ó ti rọrùn fún ará Èkó tí ariwo ti sú láti wá fi Sátidé àti Sọ́ńdè sinmi lọ́dọ̀ wa. Yóò gba yàrá, yóò rìn yí Ọgbà Agódi ká, yóò sì béèrè ohun tí ará ìlú ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń mu. Lórí ìdáhùn tí ó ń rí gbà sí ìbéèrè kejì yìí ni èmi àti àwọn onílé ìtura wa ti ní ọ̀rọ̀ bá ara wa sọ.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀rọ̀ náà ti ń dára bọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́ Premier Hotel sí orí òkè Mọ́kọ́lá ní 1966, lẹ́yìn tí owó kòkó ti kọ́ Cocoa House sí Dùgbẹ̀ ní 1965, ohun tí ojú ń wá nígbà náà ni ilé ìtura tí yóò bá ti òyìnbó dọ́gba. Àmàlà kò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá olóúnjẹ wa ni wọ́n gbé e ró ní búkà, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, títí tí àwọn ọlọ́lá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá tò sórí ìlà ní Bódìjà. Ìrẹsì ọ̀fàdà tí àwọn kan ń yọ ṣùtì sí nígbà kan rí, orí ewé ni wọ́n ń gbé e sí báyìí fún àwọn ènìyàn ńlá, tìlù-tìfọn. Olóúnjẹ ti gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹlẹ́mu ńkọ́?

Ẹ ṣí ìwé tí ilé ìtura kọ ọtí rẹ̀ sí wò. Ẹ ó rí wáìnì Gúúsù Áfíríkà, ẹ ó rí ti Sípéènì àti ti Faransé, a ó sì kọ orúkọ abúlé tí wọ́n ti gbin èso rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ká a. Ẹ kò ní í rí ẹmu. Ní ilé ìtura kan tí n kò ní í dárúkọ, mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ agbáwo. Ọmọlúàbí ni ọmọkùnrin náà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí ó tó fèsì pé, “Ẹ má bínú, bàbá, wọn kì í jẹ́ kí ó wọlé.” Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ewúrẹ́ ni.

Àwíjàre tí wọ́n fẹ́ràn jù ni pé ẹmu kì í pẹ́ bàjẹ́. Òótọ́ ni. Bí omi igi ọ̀pẹ tàbí ti ògùrọ̀ bá ti ń kán sínú akèrègbè ni ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ti ara akèrègbè ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó dùn bí oyin, ọmọdé lè tọ́ ọ wò. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọtí ti wọ inú rẹ̀, ó lè tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ó tún mọ́, ó ti kan, ọ̀nà ọtí kíkan gan-an ni ó ń lọ. Èyí kì í ṣe ìròyìn tuntun ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir ti ń yẹ bí ẹmu ti ń wú wò ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ sí Agbowó.

Ṣùgbọ́n kí ni àìpẹ́ yìí ń sọ fún ọlọ́gbọ́n oníṣòwò? Wáìnì inú ìgò lè wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lè sùn ní èbúté, ará Èkó sì ń mu ún nílé ara rẹ̀. Kí ni ó wá dé tí yóò fi wá rà á ní ìlọ́po mẹ́ta owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa? Ohun tí kò lè rìn ni ènìyàn ń rìn lọ bá. Ohun mímu kan wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ adùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn nítòsí igi rẹ̀ kí ó sì tètè jí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń ta ibùsùn ní kí ó má wọlé! Àbí irú òwò wo nìyẹn?

Ìtìjú yìí ní ìtàn. Ìjọba amúnisìn fi òfin de ògógóró tí a ń fi ẹmu sè, wọ́n ń kó ẹni tí ó bá sè é lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní ìgbà ayé ìjọba kan náà, jíìnì Holland àti ti Jámánì ń gba èbúté Èkó wọlé, owó ibodè rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó gbọ́ bùkátà ìjọba náà jù kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé. Ohun tí a fi òfin dè nítorí owó ni a wá ń pè ní ohun ẹlẹ́gbin. Òyìnbó lọ, ọkàn náà kò lọ. Ní 2015, nígbà tí ògógóró tí a po mẹ́tánọ́ọ̀lì mọ́ pa ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Òndó àti Rivers, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ògógóró pátápátá. Májèlé kan náà ni wọ́n bá nínú wáìnì Ítálì ní 1986, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní mẹ́wàá. Ta ni ó gbọ́ pé Ítálì fi òfin de wáìnì? Àwọn ọ̀daràn ni wọ́n ń wá kiri.

Wọn yóò tún sọ pé àwọn ẹlẹ́mu ń bu omi lù ú, pé wọ́n ń fi ṣúgà dùn ún. N kò ní í jiyàn; ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń gbé kiri ní ìgboro yìí, omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi àwọn Faransé léèrè ohun tí ojú wọn ti rí. Ayédèrú wáìnì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe òfin lòdì sí i ní 1905. Ní 1911, àwọn àgbẹ̀ Champagne dìde ìjà nítorí pé àwọn oníṣòwò ń kó èso ibòmíràn wá sábẹ́ orúkọ ilẹ̀ wọn. Ní 1935 ni wọ́n wá gbé òfin kalẹ̀ pé orúkọ ìlú tí ó bá wà lára ìgò gbọ́dọ̀ bá ohun inú rẹ̀ mu. Ìgò tí àwọn onílé ìtura wa ń fi yangàn, ọmọ òfin yẹn ni.

Ní ti ẹ̀sìn, kò yẹ kí a fi àkókò ṣòfò. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí, kò ní í mu ẹmu, kò sì ní í mu wáìnì. Bíà tí ó kún inú fíríìjì ilé ìtura kò ṣe ìrìbọmi, kò sì kírun.

Adẹ́mu ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù. Ní oko Ìdó àti Ọ̀nà-Àrà tí ó yí Ìbàdàn ká, ọkùnrin tí ń fi igbà gun ọ̀pẹ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu nítorí owó tí kò tó nǹkan, nítorí pé ẹni tí ó lówó kì í rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ rí èyí, ó lọ ń gun ọ̀kadà. Amos Tutuola, tí ó kú sí Ìbàdàn ní 1997, ti ṣe ìtàn ọ̀mu kan ní 1952, tí adẹ́mu rẹ̀ já lulẹ̀ láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú. Nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ iṣẹ́ náà bí i tirẹ̀, ọ̀mu náà wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Gbogbo ayé ka ìwé náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò wá ti àwa lọ?

Ohun tí mo ń béèrè kò tó ohun tí ó ń ṣòro. Kí ilé ìtura bá adẹ́mu mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe àdéhùn tààrà, kí ó san owó tí kò ní í jẹ́ kí wọ́n bu omi lù ú. Kí ó kọ orúkọ abúlé sínú ìwé ọtí rẹ̀, kí ó kọ bóyá ọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀, kí ó kọ wákàtí tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kọ ọdún sí ara wáìnì. Kí ó bu ú sínú ahá tí ó mọ́. Bí ó bá wá di ìrọ̀lẹ́ tí ti àárọ̀ ti kan, kí agbáwo má fi ṣúgà tún un ṣe. Kí ó sọ fún àlejò pé ó ti tán, pé kí wọ́n jí ní kùtùkùtù ọ̀la.