Òfin àti Ìdílé: Kí Ẹ Tó San Owó Ilẹ̀

Lẹ́tà arábìnrin kan láti Ifọ́n wà níwájú wa. Ó ní ọkọ òun ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí tí ó ni ín. Wọ́n san owó tán, wọ́n gba rìsíìtì, wọ́n sì ti gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àfi bí olórí ẹbí ṣe dé pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́ta, tí ó ní àwọn kò ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Arábìnrin wa béèrè pé: “Ṣé owó wa ti wọmi ni?”

Púpọ̀ nínú yín ni ó ti bi wá ní irú ìbéèrè yìí. Ẹ jẹ́ kí a mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ta ni ó lè ta ilẹ̀ ẹbí? Olórí ẹbí ni, pẹ̀lú ìfọwọ́sí àwọn àgbà tí ó ń ṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé ẹjọ́ fi ìyàtọ̀ hàn. Bí olórí ẹbí bá tà láìgbọ́ ti àwọn àgbà, wọ́n lè bẹ ilé ẹjọ́ pé kí ó fagi lé e. Ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù bá tà láìsí olórí, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mélòómélòó ni ti ọmọ ẹbí kan ṣoṣo?

Rìsíìtì ńkọ́? Ó dára, nítorí ó fi hàn pé a san owó. Ṣùgbọ́n kò lè fún wa ní ohun tí ẹni tí ó tà kò ní.

Bàbá wa ti kú; ṣé àkọ́bí lè ta ilé rẹ̀? Bí bàbá kò bá kọ ìwé ìhágún, òfin ìbílẹ̀ Yorùbá tí ilé ẹjọ́ gbà ni pé ilé náà di ti gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àkọ́bí lè ṣe olórí, ṣùgbọ́n kò lè dá a tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, ẹ má ṣe fi ojú fo àwọn àbúrò yín obìnrin nítorí pé wọ́n wà ní ilé ọkọ.

Ìwé wo ni ìjọba fẹ́? Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí gbogbo ará ìlú. Bí ẹni tí ó ní C of O bá fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà, kí a sì fi ìwé náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ní abúlé àti ní oko, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ní àṣẹ lórí ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀. Ti Ọ̀sẹ́ sì wà ní Ifọ́n níbí gan-an.

Ẹ rántí wòlíì Jeremáyà ní orí 32 ìwé rẹ̀. Ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ ni ó tà ilẹ̀ Ánátótì fún un, ṣékélì fàdákà 17. Síbẹ̀ ó wọn owó náà, ó kọ ìwé, ó pe àwọn ẹlẹ́rìí, ó sì ní kí a fi ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Bí wòlíì kò bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀, àwa ńkọ́? Ìfura loògùn àgbà.

Nítorí náà, kí a tó san owó: kí a rí olórí ẹbí àti àwọn àgbà lójúkojú, kí a bi àwọn tí ó bá ilẹ̀ náà pààlà, kí a bèèrè bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, kí a mú awọnlẹ̀ lọ, kí lọ́yà tiwa, kì í ṣe ti ẹni tí ó ń tà, kọ ìwé, kí àwọn ẹlẹ́rìí ìhà méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Arábìnrin wa, a kò ní tàn yín. Ẹ dá iṣẹ́ ìpìlẹ̀ náà dúró lónìí. Búlọ́ọ̀kù tí ẹ bá tò lé e lè di àdánù. Kí ọkọ yín mú rìsíìtì lọ bá lọ́yà, nítorí ó lè gba owó náà padà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á. Lẹ́yìn náà, kí àwọn alàgbà ìjọ bá yín lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí. Bí wọ́n bá gbà láti ta ilẹ̀ náà, ẹ bá gbogbo wọn ṣe àdéhùn tuntun. Ẹ má ṣe kó jàǹdùkú lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí Olúwa fi ẹsẹ̀ gbogbo wa múlẹ̀ nínú ilé àlàáfíà. Àmín.