Ta ló já ta kulẹ̀?

Láti alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, tí Frank Sanchez ọmọ Kúbà ti fi ẹ̀ṣẹ́ gbé Efe Ajagba ṣánlẹ̀ ní Las Vegas, tí àwọn adájọ́ sì dá Sanchez láre, ni àwọn kan ti ń pariwo pé abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ará Ughelli náà já Nàìjíríà kulẹ̀.

Nàìjíríà wo? Ìjà kan ṣoṣo ló kù kí Ajagba gba idẹ ní Rio ní ọdún 2016 kí Ivan Dychko tó borí rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà ló ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun.

Orílẹ̀-èdè tí Nojim Maiyegun fi ẹ̀ṣẹ́ gba mẹ́dà Olympic àkọ́kọ́ fún ní ọdún 1964, tí Izonritei àti Igbineghu gba fàdákà méjì fún ní Barcelona, kò rí mẹ́dà ẹ̀ṣẹ́ kankan gbà mọ́ láti ìgbà idẹ Dokiwari ní ọdún 1996. Ọmọ ọdún méjì ni Ajagba nígbà náà! Ṣé òun náà ló fa ìyẹn?

Kí àwọn aláṣẹ eré ìdárayá l'Ábùjá kọ́kọ́ sọ iye gbọ̀ngàn ẹ̀ṣẹ́ tí owó ìlú ń gbé ró ní Ughelli, kí ẹnikẹ́ni tó ka iye ìgbà tí Ajagba ṣubú.