Ẹ Má Dá Ìkòkò Alátọ̀gbẹ Yà Sọ́tọ̀

Bí wọ́n bá ti sọ fún èèyàn ní ọsibítù pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni ará ilé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèwọ̀ fún un. Ìyàwó á ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyán mọ́. Ẹ̀gbọ́n á ní ìrẹsì ńkọ́, májèlé ni! Aládùúgbò tí kò tiẹ̀ mọ ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn á ní kó máa mu omi ewúro láràárọ̀, kó sì máa jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án, ẹ̀wà lálẹ́. Kí oṣù kan tó yí po, ìkòkò ti di méjì nínú ilé: ọ̀kan fún ará ilé, ọ̀kan tí kò níyọ̀ tí kò lépo fún "aláìsàn". Àwọn yòókù ń jẹun ní pálọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun dá jókòó sí yàrá bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tó bá dòru. Baba tí wọ́n fi ẹ̀wà aláìlépo há mọ́ yàrá á yọ́ dìde, á gba ilé ìdáná lọ, á sì fi ìkánjú jẹ ohun tí ì bá jẹ níwọ̀nba lójú gbogbo ayé. Nígbà tílẹ̀ bá mọ́, ṣúgà ti gòkè. Ará ilé á ní, "Ṣé ẹ ti rí i? Baba kì í gbọ́ràn!" Ó dáa, ta ló jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣé baba ni àbí ìkòkò méjì?

IBI TÍ Ẹ̀RÙ OÚNJẸ TI WÁ

Ẹ̀rù yìí ní orírun. Láyé ijọ́un, kí oògùn tó ń ṣiṣẹ́ tó dé, ebi gan-an làwọn dókítà fi ń tọ́jú àtọ̀gbẹ. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Frederick Allen, ló gbajúmọ̀ jù nídìí ètò yìí ṣáájú ọdún 1922. Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe o. Oúnjẹ táṣẹ́rẹ́ tó ń fún wọn ló ń jẹ́ kí ẹ̀mí àwọn kan tún gùn díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ebi náà ló pa wọ́n.

Ní ọdún 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, tí wọ́n fi rí insulin. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n fún ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ náà. Egungun ló kù lára ọmọ ọ̀hún. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò jẹ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n tún oògùn náà sẹ́, wọ́n tún un gún, ṣúgà ara ọmọ sì wálẹ̀. Ọjọ́ ìbí Banting, ìyẹn ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ni wọ́n sì ń ṣe Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ Lágbàáyé títí dòní.

Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Oògùn ti dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ayé ebi ṣì jókòó pa sí ọ̀pọ̀ ilé ìdáná.

KÒ SÍ OÚNJẸ TÍ Ń JẸ́ "OÚNJẸ ALÁTỌ̀GBẸ"

Iyán, ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì, búrẹ́dì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ara. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tiẹ̀ náà ń di ṣúgà. Insulin ló ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà yìí lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kó wọ inú iṣan lọ di agbára. Oríṣi àtọ̀gbẹ kan wà tí ara kò ṣe insulin mọ́ rárá tàbí tí èyí tó ń ṣe kò ju bíńtín lọ. Àwọn wọ̀nyí kò lè ṣe kí wọ́n má gba abẹ́rẹ́. Oríṣi kejì, èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àgbàlagbà, ara ṣì ń ṣe insulin, ṣùgbọ́n kò tó, tàbí kẹ̀ kí ara má dá a lóhùn mọ́. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn wò láàárọ̀ kó tó jẹun, tí ó jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ nìyẹn.

Nítorí náà, ìbéèrè "Ṣé mo lè jẹ ẹ́?" kọ́ ló yẹ kí alátọ̀gbẹ máa béèrè. Mẹ́ta ni ìbéèrè: Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Kí ló bá a rìn? Ìgbà wo ni mo jẹ ẹ́?

Ẹ wo àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo èèyàn sọ di oògùn. Ẹni tó bá rọ́ ọ gàgàrà bí òkè Olúmọ, tó ní "ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni jàre", ṣúgà rẹ̀ máa gòkè ni. Ìrẹsì Ọ̀fadà náà, ìrẹsì ni. Oyin ńkọ́? Ṣúgà ni oyin, bí oyin tiẹ̀ ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì ni ewúro, ẹ̀fọ́ tó dára ni, ẹ máa jẹ ẹ́; ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí omi ewúro ju oògùn dókítà nù, ó ń fi ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

ÀWO KAN NÁÀ FÚN GBOGBO ILÉ

Ẹ mú àwo tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ, kí ẹ fi ojú pín in. Ìlàjì rẹ̀, ẹ̀fọ́ ni: ẹ̀fọ́ rírò, ewédú, ilá, ìgbá. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan, ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà. Ìdá mẹ́rin tó kù ni ti òkèlè tàbí ìrẹsì. Bí òkèlè bá tó ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, ó tó. Bó bá jẹ́ iyán ni ọkàn baba fẹ́, ẹ fún baba ní iyán! Ṣùgbọ́n kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pọ̀ ju iyán lọ, kí ẹja sì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀rọ̀ náà bá alátọ̀gbẹ mu ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni ohun mímu. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo tó jẹ́ sẹntilítà 35 lè ní ṣúgà tó lé ní gíráàmù 30 nínú. Èèyàn á fi ara balẹ̀ wọn ìrẹsì bí ẹni ń wọn wúrà, á wá fi ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì tì í. Ó parí! Omi tútù ló dáa jù láti fi ti oúnjẹ.

KÉÈKÌ ŃKỌ́?

Ibí yìí ni omijé máa ń bọ́ lójú àwọn ìyá oníkéèkì. Ẹni tó ti fi kéèkì yíyan tọ́ ọmọ, tó wá gbọ́ pé òun ní àtọ̀gbẹ, ó lè rò pé kí òun ta ààrò òun fún ẹlòmíràn. Ẹ má tà á o. Iṣẹ́ yín kọ́ ló fẹ́ pa yín. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ìtọ́wò: ṣíbí kan níbí, ìka kan lọ́hùn-ún, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ jẹ́ kí ọmọṣẹ́ máa bá yín tọ́ ọ wò.

Tó bá wá di kéèkì tí ẹ fẹ́ jẹ fúnra yín, ẹ mọ iṣẹ́ tí ṣúgà ń ṣe nínú rẹ̀. Ó ń mú un dùn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ló ń jẹ́ kó tutù lẹ́nu, kó pọ́n lẹ́yìn, kó sì wú nígbà tí wọ́n bá pò ó mọ́ bọ́tà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá yọ gbogbo ṣúgà kúrò á fi rí ohun tó le bí òkúta. Ẹ yọ ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ ife ṣúgà kan ààbọ̀ ni ẹ máa ń fi sí i, ẹ fi ife kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní mọ̀. Kò kàn ní pọ́n tó ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè tètè gbẹ; nítorí náà, kí ẹ má yan èyí tó pọ̀ ju èyí tí ẹ fẹ́ jẹ lọ.

Ẹ rin èèpo ọsàn sí i, kí òórùn rẹ̀ máa ta. Ẹ fi àgbọn rínrin tàbí ẹ̀pà lílọ̀ rọ́pò díẹ̀ nínú fúláwà. Ẹ lè fi fúláwà wíìtì tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀ ṣe ìlàjì. Dípò páànù ńlá kan, ẹ dà á sínú àwọn páànù kéékèèké, kí ọ̀kan jẹ́ ìpín ẹnì kan. Ọwọ́ tó ń gé kéèkì ńlá kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ jẹ kéèkì, ẹ dín òkèlè tàbí ìrẹsì ọjọ́ náà kù. Lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ jẹ ẹ́, kì í ṣe lórí òfìfo ikùn.

Ti búrẹ́dì kò yàtọ̀. Kì í ṣe gbogbo búrẹ́dì tó dúdú ni wọ́n fi wíìtì odidi ṣe. Àwọ̀ ni wọ́n pa sí òmíràn lára. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tàbí méjì pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí ẹyin sàn ju odindi búrẹ́dì pẹ̀lú tíì aládùn lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ nǹkan yíyan tí kò ní ṣúgà kankan, kó da mọ́ínmọ́ín sínú páànù, kó fi bọ ààrò. Ó ń dùn yùngbà!

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ni adájọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ohun tí dókítà ń fẹ́ ni kó má tó 180. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìpín yẹn ti pọ̀ jù fún yín. Ẹ dín in kù lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá lóyún, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn dókítà tirẹ̀.

ỌJỌ́ TÍ ṢÚGÀ DI OÒGÙN

Èyí tó burú jù nínú ìkòkò méjì nìyí: aláìsàn lè bínú sí oúnjẹ tí kò ládùn, kó lo oògùn rẹ̀ tán, kó má sì jẹun. Ewu ńlá ni o, pàápàá fún ẹni tó ń gba insulin, tàbí tó ń lo hóró oògùn bíi glibenclamide. Ṣúgà á já wálẹ̀. Ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà á máa lù kìkì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dàrú bí ẹni tó mutí. Bó bá wá sí ìsàlẹ̀ 70, ẹ má jiyàn kankan. Ẹ fún un ní ṣúgà oníhóró bíi mẹ́rin, tàbí ìlàjì ìgò ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún fún un. Bó bá gòkè, ẹ fún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu; ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Àwọn ìyàwó ilé á ní, "Ṣé kí gbogbo wa wá máa jẹ oúnjẹ aláìsàn ni?" Rárá o. Oúnjẹ ẹni tó fẹ́ pẹ́ láyé ni. Oríṣi kejì àtọ̀gbẹ máa ń rìn nínú ẹbí, ọmọ tó ń jẹ àjẹyó-bì ní pálọ̀ lónìí lè jẹ́ ẹni tí wọ́n á ka èèwọ̀ fún lọ́la. Ẹ̀fọ́ tó pọ̀, òkèlè tó mọ níwọ̀n, kéèkì tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀ jù, gbogbo ilé ló yẹ.

Ẹ pe baba jáde kúrò ní yàrá. Ẹ bu oúnjẹ fún un látinú ìkòkò tí gbogbo yín ń jẹ. Ìgbà tó bá ń jẹun lójú yín ni ẹ tó lè mọ ohun tó ń jẹ.