Níbo Lo Ti Bẹ̀rẹ̀ sí í Kà Á?



Nígbà tí mo ń kọ́ Ifá, mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo pe odù tó yọ ní Ọ̀wọ́nrín Méjì. Ìrosùn Méjì ni. Olúwo mi kò sọ pé mo ṣì í. Ó kàn bi mí pé: “Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?” Mo tún un wò. Ìsàlẹ̀ ni mo ti kà á lọ sókè. Bí a bá sì dorí Ìrosùn kodò, Ọ̀wọ́nrín ni yóò jẹ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í lanu pe odù láìkọ́kọ́ bi ara mi ní ìbéèrè yẹn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣọ́ ìrònú ara rẹ̀ báyìí ni John Flavell, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé ní Amẹ́ríkà, pè ní metacognition ní àwọn ọdún 1970. Àwa ti ń ṣe é kí ó tó ní orúkọ yẹn.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè mí sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkè-Odò níhìn-ín. Kíláàsì kún dẹ́nu. Olùkọ́ kò ráyè ju kí ó fa ìlà pupa lọ. Ìṣirò wà lójú pátákó: oníṣòwò ra ọjà ní ₦4,000, ó tà á ní ₦5,000, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni èrè rẹ̀? Ọmọ kan kọ 20. Mo ní kó ṣàlàyé bí ó ṣe dé ibẹ̀. Ó dákẹ́, ó ń wá Gẹ̀ẹ́sì kiri. Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. “Mo fi ₦5,000 pín ₦1,000... Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó tí wọ́n fi rà á ló yẹ kí n fi pín in.” Ó pa 20 rẹ́, ó kọ 25. Ìyá rẹ̀ ń tajà lọ́jà Ìkọ̀tún; kò ṣàjèjì sí èrè.

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí aago bá ti lù, àlejò ni èdè náà ní kíláàsì ìṣirò. Àwọn kan ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ìwádìí tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò rẹ̀yìn.

N kò ní kí a fi Yorùbá ṣe ìdánwò WAEC. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń tọrọ, kí ọmọ fi èdè tó fi ń ronú ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà fún ẹnìkejì rẹ̀, kí ó sì kọ àṣìṣe rẹ̀ àti ohun tó fà á sínú ìwé kékeré kan. Kí ọmọ Ígbò tàbí Ègùn jókòó ti ẹni tó gbọ́ èdè tirẹ̀.

Nílé tiwa náà ńkọ́? A mọ àwọn tó jẹ́ pé pàṣán nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ awo. Ẹsẹ Ifá á máa dà lẹ́nu ọmọ bí òjò; ẹ bi í léèrè ìdí tí ẹsẹ yìí fi bá ọ̀ràn ẹni tó wá dá Ifá mu, a dákẹ́ lọ gbáà.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà láàárín wa, ẹ dán an wò ní sáà yìí, kí ẹ sì kọ ohun tí ọmọ sọ gan-an ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àṣìṣe inú rẹ̀.