Austríà, Ilé Léèsì

Ẹ̀yin oníṣòwò aṣọ, ẹ̀yin télọ̀, àti gbogbo ẹni tó ti ra aṣọ ẹbí rí, ẹ tẹ́tí. Tí ọlọ́jà bá na léèsì síta ní Balógun l'Ékòó tàbí ní Gbági n'Íbàdàn, tó ní "Austríà gidi nìyí o", kíá ni owó rẹ̀ máa ń fò sókè. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé níbo ni Austríà wà. Òmíràn á ní orúkọ ilé iṣẹ́ ni. Òmíràn á ní Australia ni, ilẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn réré sí i.

Àárín gbùngbùn Yúróòpù ni Austríà wà. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló yí i ká, Jámánì, Switzerland àti Ítálì wà nínú wọn. Kò ní òkun. Títí di 1918, nígbà tí ọba wọn ṣì ń pàṣẹ lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ gan-an, wọ́n ní èbúté ní Trieste. Ogun ló gbà á lọ́wọ́ wọn, ó di ti Ítálì. Òkè ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn òkè Alps tí yìnyín ń bò. Tí a bá gé Nàìjíríà sí ọ̀nà mọ́kànlá, ìdá kan péré ni Austríà. Èèyàn ibẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì nínú wọn ló wà ní Vienna, olú ìlú wọn. Èkó nìkan lérò ju gbogbo wọn lọ.

Òwú kì í hù níbẹ̀ o. Báwo wá ni wọ́n ṣe di aláṣọ wa?

Ìlú kékeré kan wà ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn wọn, Lustenau lorúkọ rẹ̀, létí odò Rhine. Ẹ sọdá odò, ẹ ti dé Switzerland nìyẹn. Àwọn oníṣòwò Switzerland ló kọ́kọ́ ń gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún àwọn ará ibẹ̀ ṣe nínú ilé. Nígbà tó yá, wọ́n ra ẹ̀rọ sílé, tọkọtaya àtọmọ jọ ń ṣe é. Ẹ̀rọ náà gùn bí bọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Léèsì oníhò-ihò tí télọ̀ ń bẹ̀rù àtigé yẹn, orí aṣọ fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n ti ń gán òwú rẹ̀. Tó bá tán, wọ́n á yọ́ aṣọ abẹ́ dànù, òwú nìkan ni yóò kù.

Lẹ́yìn òmìnira, ní àwọn ọdún 1960, ni ọjà Lustenau bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Èkó dáadáa. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń dá bátànì o. Àwọn ìyá oníléèsì wa wọ bàálù lọ bá wọn, wọ́n ń sọ àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ àti bátànì tí yóò tà.

Ẹ wo bí owó ṣe ń yí. OPEC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta epo rọ̀bì, ti kó ọ́fíìsì rẹ̀ wá sí Vienna láti 1965. Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ náà ní 1971. Epo gbówó lórí ní 1973, owó ya wọlé, aṣọ ẹbí ń gorí aṣọ ẹbí. Owó epo tí wọ́n ń jíròrò lé lórí ní ìlà-oòrùn Austríà, ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ló ń gbà nínú rẹ̀ padà. Nígbà tó di apá ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun fòfin de léèsì. Ṣé ìyẹn ní kí wọ́n má wọ̀ ọ́? Kútọnu ló ń gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe léèsì ló ń bọ́ Austríà. Irin ní Linz, ẹ̀rọ lóríṣiríṣi, ọkọ̀ ní Graz. Jíìpù Mercedes G-Wagon tí àwọn ọlọ́lá ń gùn wá sóde, Graz ni wọ́n ti ń tò ó láti 1979, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jámánì ló lorúkọ. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n bí Susanne Wenger sí ní 1915, Àdùnní Olórìṣà tó di ará Òṣogbo títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2009. Odò tó ń ti orí òkè wá ló ń fún wọn ní èyí tó ju ìdajì lọ nínú iná mànàmáná wọn. Télọ̀ tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́ á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Wọ́n wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 1995, owó euro ni wọ́n sì ń ná láti 2002.

Lónìí, Ṣáínà náà ń ṣe léèsì, ó pọ̀, kò sì wọ́n. Ibi tí wàhálà wà ni pé "Austríà" ni àwọn ọlọ́jà kan ń pe gbogbo rẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo bóyá òwú ń já wálẹ̀. Oníṣòwò tó ń ra ojúlówó náà kò sì rọ́wọ́ mú. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó pé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báǹkì. Nínú ọdún 2024, ó ti lé ní 1,400. Owó tó ń ra yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ́lẹ̀, yáàdì márùn-ún ló ń gbé wálé báyìí.